Ojú-Ìjọba Kì í Ka Owó

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Akọ̀wé Àgbà ni, ní ilé-iṣẹ́ tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ fún ọ̀nà lílà àti afárá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa mójú tó ìwé àti owó àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i nígbà tó bá ń bọ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé òun ló bí òyìnbó tó gbà á síṣẹ́ ni.

Ojú-Ìjọba ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìjọba ò lè wà níbi gbogbo," á wí, á sì fa kóòtù rẹ̀ sísàlẹ̀, "ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní mi." Gbogbo àwọn akọ̀wé kéékèèké á wá pàtẹ́wọ́. Ẹ má bi mí pé kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí. Ẹni tó bá gbàgbé àtẹ́wọ́ tirẹ̀ nílé, wọ́n á gbé e lọ sí ojú ọ̀nà tuntun tó wà láàárín igbó, níbi tí ẹ̀fọn ti ń dúró dè é.

Òfin kan tún wà. Bí bàtà Ojú-Ìjọba bá ti dún lórí àtẹ̀gùn, kí gbogbo ọ́fíìsì dìde, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó títí tí àga rẹ̀ yóò fi ké lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé àga náà kò ké, nítorí pé Bàbá Ìránṣẹ́ ti ta òróró sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ gbà mí o! Àwọn èèyàn wà lórí ìdúró títí di agogo mọ́kànlá. Akọ̀wé kan ń kọ lẹ́tà lórí ìdúró, ẹ̀yìn ń ro ó, kò láyà láti jókòó. Ojú-Ìjọba ń wò wọ́n láti inú yàrá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀wọ̀ òun ló ń pọ̀ sí i.

Bàbá Ìránṣẹ́ tí mo dárúkọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń jẹ́ iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù tí kò gbé rí níbẹ̀. Oṣù méjì péré ló kù kó fẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì yẹn ló sì gbójú lé. Ó ti mọ ilé yàrá mẹ́ta, ògiri ti dé òkè láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, owó páànù ni kò sí. Òjò ń lu ògiri, ògiri ń yọ́. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, Bàbá kì í lè jẹun. Ẹ fi páànù yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló ń rò bó bá dìde, òun ló ń rò bó bá jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí owó.

Òfin òyìnbó sọ pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni àpótí irin tí wọ́n ń kówó sí gbọ́dọ̀ ní: ọ̀kan lọ́wọ́ Akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ Akọ̀wé Àgbà, kí ẹnì kan má baà lè ṣí i lẹ́yìn ẹnì kejì. Ní Jímọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, kí àwọn méjèèjì tú gbogbo àpò, kí wọ́n ka owó lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin gidi nìyẹn, èmi ò rí àbùkù rẹ̀. Àbùkù tí Ojú-Ìjọba rí ni pé kọ́kọ́rọ́ náà tóbi, ó wúwo, ó ń fa àpò kóòtù rẹ̀ wálẹ̀ lápá kan, kóòtù ò sì jókòó dáadáa mọ́.

Akápò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó pa àwàdà tán, ló kọ́kọ́ rí i. "Háà, ọ̀gá mi," ló wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, "irú kóòtù báyìí! Ṣé irin ló yẹ kó máa wọ́ ọ nílẹ̀? Ẹ gbé ìyà yẹn fún mi, kí n máa bá yín jẹ ẹ́." Ojú-Ìjọba bá gbé kọ́kọ́rọ́ fún un níwájú gbogbo ọ́fíìsì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí bí àgbà ṣe ń pín ẹrù fún àwọn tó fẹ́ràn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò owó lóṣooṣù. Àwọn akọ̀wé á tò sí apá ọ̀tún àti òsì. Akápò á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irin, á ké:

"Ojú-Ìjọba!"

"Mo wà ńlẹ̀."

"Owó ìjọba ń kí yín o!"

"Owó ìjọba, ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó ń kí owó o, ẹ̀yin èèyàn mi! Bàbá Ìránṣẹ́ tó ti gbé ẹrù fún un fún ọdún mẹ́sàn-án, kò kí i rí. Akápò á fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ṣí àpótí, àpò mẹ́rìnlá á jókòó síbẹ̀ ní títò, wọ́n ti fi okùn so ọrùn wọn. Ojú-Ìjọba á tẹ̀ síwájú díẹ̀, kò ní tẹ̀ jù nítorí bọ́tìnnì ikùn, á yí ojú láti òsì dé ọ̀tún, á sì nàró.

"Mo rí i!"

"Ẹ rí i, sà!" ni gbogbo wọn á dáhùn, Akápò á sì pa ilẹ̀kùn dé.

Akọ̀wé tuntun kan ṣèèṣì bèèrè nígbà kan pé, "Sà, ṣé a ò ní kà á?" Ẹnu yà gbogbo èèyàn. Ojú-Ìjọba wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ka kí ni? Alátẹ ló ń ka owó. Ẹni tí ebi ń pa ló ń ka owó. Àgbà kì í ka owó, àgbà a máa rí owó ni, owó náà á sì mọ̀ pé ẹni tó rí òun kì í ṣe ẹnì kan ṣákálá."

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ bá àwọn ẹ̀fọn. Kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n á gbé ìwé owó wá. Èdè wa ni wọ́n fi kọ ìwé yìí, kí wọ́n lè máa kà á sétí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀wé. Àyè méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Àyè tóóró kan wà tí wọ́n kọ KA OWÓ sí lórí. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ka owó inú àpótí ń fọwọ́ sí. Àyè gbàràmù kan wà tí wọ́n kọ RÍ OWÓ sí. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó bá ti rí owó oṣù rẹ̀ gbà ń tẹ àtàǹpàkò sí. Àtàǹpàkò ẹni tó ń fọ́ òkúta kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi là á gbòòrò.

Ṣùgbọ́n ìfọwọ́síwèé Ojú-Ìjọba tóbi ju àtàǹpàkò mẹ́wàá lọ. Ó ní ìrù, ó ní ìwo, ìlà mẹ́ta ló sì ń wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ fẹ́ fi í sí àyè tóóró, ìrù rẹ̀ kò wọlé.

"Ta ló la ìlà yìí?" ló bú. "Ṣé wọ́n fẹ́ há mi mọ́ ibi tí eku ń gbà ni?"

Akápò wò ó, ó wo ìwé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá, ta ló ní ibẹ̀ ni tiyín? Ẹ ò rí ìkejì ni? RÍ OWÓ. Ṣé ẹlòmíràn tún wà tó ń rí owó bíi tiyín?"

"Ìwọ nìkan ló ní làákàyè nílé yìí," ni Ojú-Ìjọba wí. Ó bá kọ ọ́ gbàràmù gbàràmù: *Èmi, Akọ̀wé Àgbà, mo rí owó náà, gbogbo rẹ̀.* Akápò fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè tètè gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko.

Ẹ ó ní, Ọ̀gá Òyìnbó ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Ó máa ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, tí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ lọ gbá ti wà lábẹ́ apá rẹ̀. Àwọn tó wà ní olú-ilé-iṣẹ́ náà máa ń kọ lẹ́tà sí i lọ́dọọdún pé, "Ṣé owó pé?" Á dá a padà pé, "Ó pé." Wọ́n á tún kọ ọ́ sí i pé, "Ó dára." Ìṣọ́ tí ìjọba ńlá ń ṣọ́ owó nìyẹn o.

Ní ọjọ́ kan ikán wọ abẹ́ àpótí irin. Wọ́n ní kí Bàbá Ìránṣẹ́ kó àwọn àpò síta, kí wọ́n lè da kẹrosíìnì síbẹ̀. Bàbá gbé àpò àkọ́kọ́, ó dúró. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tún un gbé. Ó gbé ìkejì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gbé owó láti báńkì wá sí ilé-iṣẹ́, èjìká rẹ̀ mọ owó bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe owó. Ó ronú nípa páànù rẹ̀, ó ronú pé ẹnu òun lè kó bá òun, ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Ojú-Ìjọba.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn àpò yẹn, ara mi ò gbà á."

"Ara rẹ ò gba kí ni?"

"Wọ́n fúyẹ́, sà. Owó kì í fúyẹ́ báyẹn. Bí ẹ bá lè jẹ́ ká tú ọ̀kan péré wò…"

Ojú-Ìjọba bú sẹ́rìn-ín, ó pe gbogbo ọ́fíìsì. "Ẹ wá gbọ́ o! Èmi fi ojú rí owó, Bàbá yìí fi èjìká rí tirẹ̀! Èjìká ti gboyè!" Ẹ̀rín gba ilé. Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àṣẹ tuntun, ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: *Láti òní lọ, èjìká ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ tí ojú bá ti parí.* Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Akápò, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó dé.

Ní ọjọ́ kẹta, Akápò wá tọrọ ààyè. Ìyá ìyàwó òun ń ṣàìsàn, ó ní ó le. Ojú-Ìjọba fún un láàyè ọ̀sẹ̀ kan, ó sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí ọkọ ọmọ máa tọ́jú àna, ó sì fi owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ láti inú àpò ara rẹ̀. Akápò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó di àwọn kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sínú àpò-ìwé, ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà ìbá dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́ owó oṣù pé, Akápò tó máa ń san án láti inú àpò tó bá yàn kò sì tíì dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n tó igba kún iwájú ilé-iṣẹ́. Ojú-Ìjọba ní kí wọ́n gbé tábìlì síta, kí àwọn èèyàn lè máa rí òun. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lábẹ́ oòrùn, ó sọ bí òun ṣe ń ṣọ́ owó wọn tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà ló tú okùn àpò àkọ́kọ́, ó sì dà á sórí tábìlì.

Wáṣà ni. Irin pẹlẹbẹ tó níhò láàárín, tí wọ́n fi ń de nọ́ọ̀tì afárá. Wọ́n ń yí gbirigbiri lórí tábìlì, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀. Ó tú ìkejì, wáṣà. Ó tú ìkẹta, wáṣà àti òkúta wẹ́wẹ́.

Olórí àwọn afọ́kùúta mú ọ̀kan, ó gbé e sójú, ó wo Ojú-Ìjọba láti inú ihò rẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé èyí ni ká lọ fi ra oúnjẹ?"

Ariwo sọ. Ìpayà mú Ojú-Ìjọba, òógùn ń ṣàn wọ ọrùn kóòtù rẹ̀. Ó wò yíká bóyá á rí ẹni tí yóò nàka sí, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára Bàbá Ìránṣẹ́.

"Òun nìyẹn!" ló ké. "Ta ló sọ pé àpò fúyẹ́? Ta ló mọ ìwúwo owó láàárín wa? Ẹni tó mọ iye ẹran tó kù nínú ìkòkò, ṣé kì í ṣe òun ló ṣí i wò?"

Àwọn akọ̀wé wo ara wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dún. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí Bàbá lọ jókòó sílé. Wọ́n di owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ mú títí ìwádìí yóò fi parí; bó bá sì jẹ̀bi ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ẹrẹ̀ dí ibi tí òjò ti jẹ, nígbà tí Bàbá wọlé dé.

"Ìyá wọn, wọ́n ní èmi ni mo jí i."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Ẹrẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá ṣéńjì kọ́bọ̀ padà? Ẹ wò ó, ẹnu yín ló kó bá yín. Bí àpò bá fúyẹ́, ẹ ò lè jẹ́ kó máa fúyẹ́ lọ? Oṣù méjì péré!"

"Mi ò lè dákẹ́."

"Ẹ ò lè dákẹ́! Òjò náà ò ní dákẹ́." Ó sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹrẹ̀ sì gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin ò jalè. Ẹ lọ dúró níwájú wọn, kí ẹ má fojú sílẹ̀."

Olú-ilé-iṣẹ́ rán ayẹ̀wéwò kan wá, ọkùnrin kúkúrú kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀. Ojú-Ìjọba kí i káàbọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gba ojú ewé mẹ́jọ. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ìwé owó dà?" Ọjọ́ méjì ló fi kà á. Ní ọjọ́ kẹta ó pe gbogbo wọn jọ sínú yàrá ńlá. Àwọn afọ́kùúta kún ojú fèrèsé. Ọ̀gá Òyìnbó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò mú bọ́ọ̀lù wá lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá," ni ayẹ̀wéwò wí, "ṣé ẹ ti ṣí àpótí irin yìí rí?"

"Rárá o, sà. Bí wọ́n bá ṣí i, èmi a gbé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Irọ́!" ni Ojú-Ìjọba ké.

Ayẹ̀wéwò yíjú sí i. "Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí i, Akọ̀wé Àgbà. Níbo ni tiyín máa ń wà? Ẹ fara balẹ̀ o. Bí ẹ bá gbé e fún Akápò, ẹ sọ. Àìbìkítà nìyẹn, wọ́n á já yín sí ipò ìsàlẹ̀, ó parí."

Ẹ ò rí i pé ọkùnrin yẹn láàánú? Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, ó tún di ilẹ̀kùn mú kó lè jáde. Ṣùgbọ́n Ojú-Ìjọba wo àwọn akọ̀wé, ó wo àwọn ojú tó kún fèrèsé. Kó dúró níwájú àwọn afọ́kùúta, kó ní nítorí kóòtù ni òun ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ ìjọba sílẹ̀? Láéláé! Ó gbé àyà síta.

"Kọ́kọ́rọ́ ìjọba kò kúrò lára mi rí! Mo ń jẹun, ó wà lára mi. Mo ń sùn, ó wà lára mi. Mo ń wẹ̀, mo so ó mọ́ ọrùn!"

Ayẹ̀wéwò kọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. "Ó dára. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọrùn tí ẹ fi ń wẹ̀, Bàbá yìí ò lè rí i lò. Bàbá, ẹ máa lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín mọ́."

Bàbá ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ẹnì kan fi àga tì í lẹ́yìn.

"Hẹn?" ni Ojú-Ìjọba wí.

"Ó ku ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ń ka owó yìí lóṣooṣù?"

"Àgbà kì í ka owó. Mo rí i!"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀! Oṣù mẹ́rìnlá! Ẹ wo ìfọwọ́síwèé mi níbẹ̀, kò sí irú rẹ̀."

"Mo wò ó," ni ayẹ̀wéwò wí. Ó yí ìwé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ìka sí orí àyè gbàràmù. "Ẹni tó bá fọwọ́ síbí yìí, òun ló gba owó. *Èmi, Akọ̀wé Àgbà, mo rí owó náà, gbogbo rẹ̀.* Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá."

Olórí afọ́kùúta ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. "Yéè! Ó ti rí owó o! Àwa ò rí tiwa, ṣùgbọ́n òun ti rí tirẹ̀!"

"Akọ̀wé Àgbà," ni ayẹ̀wéwò wí pẹ̀lẹ́, "ẹ lè sọ pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ kọ. Ẹ lè sọ pé àpò lẹ rí, ẹ ò rí owó. Màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Ojú-Ìjọba rò ó. Lóòótọ́, ó rò ó. Bí wọ́n bá pe èèyàn lólè, wọ́n á ṣì bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀! Òmùgọ̀ tí Akápò ń fi kóòtù tàn! Ó fa kóòtù náà sísàlẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́," ló wí. "Mo rí owó náà."

Ọdún mẹ́ta ni adájọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ, ó ní kí ọlọ́pàá máa rìn lẹ́yìn òun, nítorí ipò. Ọlọ́pàá gbà bẹ́ẹ̀, ó ṣáà di okùn ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ní ti Akápò, wọ́n ṣì ń wá a. Ìyá ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n lọ bá, ara rẹ̀ le koko. Ọ̀gá Òyìnbó ńkọ́? Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ń fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé akọ̀wé òun ni. Wọ́n ní ìgbẹ́kẹ̀lé dára, wọ́n bá gbé e ga, wọ́n gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ.

Ní òpin oṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìránṣẹ́ tò sórí ìlà láti gba owó ìfẹ̀yìntì. Òun ló gbẹ̀yìn. Akápò tuntun ń ti owó síta nínú àpò-ìwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa, àwọn èèyàn ń tẹ àtàǹpàkò, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kan Bàbá.

"Tẹ ìka síbí, Bàbá."

Bàbá ò tẹ ìka. Ó ya àpò-ìwé, ó da owó sórí pákó fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Akọ̀wé Àgbà tuntun, tí kóòtù tirẹ̀ náà ti ń dán, jáde wá wò ó.

"Bàbá, kí lèyí? Ṣé ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba ni?"

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé e, sà," ni Bàbá wí, kò gbójú sókè. "Ṣílè méjìdínlógún, ṣílè mọ́kàndínlógún…" Ó kà á tán, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè. "Ó dín ṣílè méje."

Akápò tuntun wúkọ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ síta, ó wá inú rẹ̀, ó ka ṣílè méje sórí pákó, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo àwọn tó ti gba tiwọn ṣáájú rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, wọ́n ti ya àpò-ìwé wọn, wọ́n sì ń kà á.